Nọ́ọ̀tì Kẹ̀kẹ́ Bàbá Lọ́lá

Inú koríko ni Aishat ti rí i. Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ láti àárọ̀, ó ń fọwọ́ tú ìdí ewé bí ẹni tí yẹtí rẹ̀ já bọ́, Kọ́púrà Gbọ́láhàn sì dúró sórí ọ̀nà, ó ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀, ó ń ráhùn pé òjò á ti gbá ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀ lọ sódò. Àfi bí ọwọ́ obìnrin náà ṣe kan irin kékeré kan nídìí ewé akíntọ́lá. Ó mú un, ó fi etí aṣọ nù ún. Nọ́ọ̀tì ni, irú èyí tó ń di wíìlì iwájú kẹ̀kẹ́ mú.

"Gbọ́láhàn, fi ìráhùn sílẹ̀. Wá wo nǹkan."

Gbọ́láhàn bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀rí ti pé nìyẹn, Màdáámù! Bàbá yẹn tú u, ó jù ú síbí."

"Kí ló dé tí yóò fi tú u, tí yóò tún wá jù ú síbi tí kẹ̀kẹ́ ti gbé èèyàn ṣubú gan-an?"

Gbọ́láhàn dé fìlà rẹ̀ padà. Ṣẹ́ ẹ rí i, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe Inspẹ́kítọ̀ Aishat ní Kílódé, láti Ìkọ̀lé títí dé Ìdó. "Kí ló dé?" ló máa ń bi olè, òun náà ló máa ń bi ẹni tí wọ́n jà lólè. Wọ́n tiẹ̀ ní lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ sọ fún un pé òun fẹ́ràn rẹ̀, ohun tó fi dá ọkùnrin náà lóhùn nìyẹn.

Ẹjọ́ tó gbé wọn dé inú koríko yìí kò ṣòroó rò. Jùwọ́nlọ Mákindé, àgbẹ̀ kòkó ní Òmù, tí gbogbo ìlú ń pè ní Bàbá Lọ́lá, gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sóko láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá. Bó ṣe dé ibi tí ọ̀nà ti da gẹ̀rẹ́ lọ sí afárá, wíìlì iwájú yọ, kẹ̀kẹ́ sọ ọ́ mọ́lẹ̀, orí ló sì fi gúnlẹ̀. Ó wà ní ọsibítù ní Ìdó, kò lè gbápá, kò lè gbẹ́sẹ̀, ohùn ti lọ. Lọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, fò wálé láti ìlú òyìnbó, ó sì gba tésàn lọ tààrà. Ó ní kí wọ́n mú Bàbá Ajíbádé, ọ̀rẹ́ bàbá òun. Wọ́n mú un.

Kò kàn fẹnu lásán sọ ọ́ o. Ó ní lọ́jọ́ Sátidé, bàbá òun fi irinṣẹ́ tuntun tí òun fi ránṣẹ́ lẹ táyà iwájú, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ de wíìlì náà padà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Bàbá Ajíbádé wá, àwọn méjèèjì jà, ariwo sì gba àdúgbò. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá tú ilé Bàbá Ajíbádé, àpótí irinṣẹ́ àtijọ́ ti Bàbá Lọ́lá ni wọ́n bá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Olè nìyẹn, ìjà nìyẹn, sípánà tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì náà nìyẹn. DPO ti ní tó bá di Mọ́ńdè, kóòtù ni, ẹ̀sùn náà sì ni pé ó fẹ́ pànìyàn. Ẹni àádọ́rin ọdún ó lé, tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà! Bí wọ́n bá fi lè tì í mọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n, pósí ni wọn yóò fi gbé e jáde, Aishat sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

* * *

Kẹ̀kẹ́ méjì ló fara ti ògiri lẹ́yìn tésàn, ti Bàbá Lọ́lá àti ti Bàbá Ajíbádé, nítorí ọlọ́pàá ti kó méjèèjì. Ológeere dúdú, onírin líle. Ọjọ́ kan náà ni àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì jọ rà wọ́n nígbà èwe wọn, lẹ́yìn ìkórè kòkó kan báyìí tó dára.

Aishat ní kí Gbọ́láhàn tú nọ́ọ̀tì iwájú ti Bàbá Ajíbádé. Gbọ́láhàn ṣí àpótí àtijọ́ náà. Àpótí pákó ni, sípánà tó ti dúdú kún inú rẹ̀, pẹ̀lú agolo gíríìsì, sípóòkì díẹ̀, túùbù gbígbó tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ fún lílẹ táyà, àti gọ́ọ̀mù sòlúṣọ̀n tó ti gbẹ mọ́ ẹnu igò. Sípánà tó mú wọ nọ́ọ̀tì náà wẹ́kú, kò mì rárá. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó tú.

Aishat kó nọ́ọ̀tì méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́. Ti Bàbá Ajíbádé ní igun mẹ́fà, gbogbo igun náà ló mú. Èyí tí wọ́n rí nínú koríko, igun rẹ̀ ti jẹ, ó ti fẹ́ẹ̀ rí róbótó.

"Kí ló dé tí èyí fi rí báyìí?"

"Ó ti gbó ni, Màdáámù."

"Ọjọ́ kan náà ni wọ́n rà wọ́n. Kí ló dé tí ọ̀kan gbó tí èkejì ò gbó? Wo ibi tó jẹ yẹn, ó ń dán. Ìpata ò tíì débẹ̀. Kò tíì pẹ́ tó jẹ báyìí." Ó lọ bẹ̀rẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ Bàbá Lọ́lá. Nọ́ọ̀tì kejì tó ṣẹ́kù lára wíìlì náà, bákan náà ni igun tiẹ̀ jẹ. "Sípánà tí kò bá a mu ló ṣe èyí. Bàbá Ajíbádé sì ní èyí tó bá a mu."

"Ó lè mọ̀ọ́mọ̀ fi èyí tí kò bá a mu ṣe é, kó lè tàn wá jẹ."

"Hẹn-ẹn! Kọ́púrà mi náà ti ń ronú." Aishat rẹ́rìn-ín. "Fi nọ́ọ̀tì Bàbá Ajíbádé padà, má jẹ̀ẹ́ kó sọnù."

Gbọ́láhàn fi ọwọ́ lásán de nọ́ọ̀tì náà síbẹ̀, ó ní tó bá yá òun á fún un le. Kò rántí mọ́. Ẹ̀yin ẹ bá mi rántí rẹ̀.

* * *

"Ṣé ọ̀rẹ́ mi ti jẹun?"

Ìbéèrè tí Bàbá Ajíbádé máa ń kọ́kọ́ béèrè nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn àtìmọ́lé. Ó ti rù. Singilẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀ ti fẹ̀ jù ú lọ.

"Rọ́bà ni wọ́n fi ń fún un lóúnjẹ, Bàbá. Ẹ ní òun ló fún yín ní àpótí. Kí ló dé tó fi fún yín?"

"Ó ti ní tuntun. Bí tuntun bá dé, ọ̀rẹ́ ẹni là á fún ní ti tẹ́lẹ̀."

"Kí lẹ ń bá a jà sí?"

Ó fa ọrùn singilẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà sí èjìká.

"Wọ́n gbọ́ tẹ́ ẹ ní ó máa kábàámọ̀."

Ó yí ojú sí ògiri.

"Bàbá, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́ o. Mọ́ńdè ni kóòtù. Ẹ̀yin náà mọ ara yín. Ṣé ọgbà ẹ̀wọ̀n lẹ fẹ́ kú sí ni?"

"Mo gbọ́, ọmọ mi. O ṣé."

Ara Aishat gbóná. Ó fa nọ́ọ̀tì náà yọ lápò, ó fi í sí bàbá náà lọ́wọ́. Ó fẹ́ wo ojú rẹ̀. Bàbá Ajíbádé ò tiẹ̀ wo irin náà. Àtàǹpàkò rẹ̀ rìn yí i ká, ó kan igun àkọ́kọ́, ó kan ìkejì, kò tíì dé ìkẹta tí ojú bàbá náà fi rọ bí ewé tí oòrùn pa.

"Ibo lo ti rí i?"

"Nínú koríko, létí afárá."

Ó dá a padà fún un, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ọwọ́ obìnrin náà. "Jọ̀wọ́, má fi han ẹnìkan. Jù ú sí ṣáláńgá."

Nígbà tí wọ́n jáde, Gbọ́láhàn ń fò sókè. "Ó ti jẹ́wọ́! Màdáámù, ó ti jẹ́wọ́!"

"Ọ̀daràn á ní òun ò rí irú rẹ̀ rí. Èyí mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ kó tó fojú rí i, ó sì ń bẹ̀ mí. Gbọ́láhàn, ẹ̀rù kọ́ ni mo rí lójú bàbá yẹn. Àánú ni. Ta ló ń ṣàánú?"



* * *

Ní Òmù, ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Olúdáre ni wọ́n kọ́kọ́ yà, nítorí Gbọ́láhàn ti gbọ́ pé ọkùnrin náà àti Bàbá Lọ́lá jọ ń jà sí ààlà oko, inú rẹ̀ sì ti ń dùn pé òun ti rí ọ̀daràn mìíràn. Olúdáre ń sá kòkó sójú oòrùn. Kò tiẹ̀ nàró.

"Èmi? Èmi tí n kò mọ kẹ̀kẹ́ gùn láyé mi? Tí mo bá fẹ́ pa Jùwọ́nlọ, àdá mi nìyẹn, ó mú dáadáa. Ta ló gbé e kúrò nílẹ̀ lọ́jọ́ náà? Èmi ni! Ta ló gbé e sórí ọ̀kadà, tó fi àyà gbé e ró títí dé Ìdó? Èmi yìí náà ni! Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lára bùbá mi. Ẹ kúrò níwájú mi, ẹ̀ ń dènà oòrùn."

"Ẹ kú uṣẹ́ o, Bàbá," ni Aishat wí, ó sì fa Gbọ́láhàn lápá kúrò níbẹ̀.

Wọ́n dé ilé Bàbá Lọ́lá. Deborah, ọmọ yunifásítì tó gba yàrá iwájú nínú ilé náà, ló ṣílẹ̀kùn. Ọmọ Bẹ́núè ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ níbẹ̀, Yorùbá rẹ̀ sì já geere.

"Mo ti sọ fún àwọn ọlọ́pàá, mà. Mo rí Bàbá Ajíbádé tó gbé àpótí jáde."

"Wọ́n bi ọ́ pé kí ló gbé jáde. Kí ló gbé wọlé?"

"Ẹ̀n?"

"Nígbà tó ń bọ̀, kó tó di pé wọ́n jà, kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Deborah gbé ojú sókè, ó ń rò ó. Ó wá la ẹnu, ó sì fi ọwọ́ bò ó. "Àpótí náà ni, mà. Àpótí náà ló gbé wá. Yéè! Wọn ò bi mí níyẹn."

Gbọ́láhàn wo ilẹ̀, nítorí òun ló béèrè ìbéèrè ọjọ́sí.

"Ó fẹ́ dá a padà ni," ni Aishat wí. "Olè wo ló máa ń gbé ẹrù olóhun wá bá a nílé? Jókòó, ọmọ mi. Sọ gbogbo rẹ̀ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀."

Deborah sọ ọ́. Ó ní láàárọ̀ Sátidé ni ẹrù Lọ́lá dé, ni Bàbá bá gbé àpótí àtijọ́ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó lọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tó dé, ó tẹ́ ẹní síwájú ilé, ó yí kẹ̀kẹ́ dojú délẹ̀, ó sì ké sí gbogbo àdúgbò. "Ẹ wá wo nǹkan tí Lọ́lá rà fún mi o!" Táyà iwájú ti ń jò díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta kan, bóyá ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ de ẹrù náà ni. Àwọn ìyá wá, wọ́n ń ṣàdúrà fún Lọ́lá: á jèrè iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ tirẹ̀ náà á tọ́jú rẹ̀. Bàbá ń ṣe àmín, ó ń lẹ túùbù, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a fọwọ́ kàn án.

"Bàbá Ajíbádé dé nírọ̀lẹ́, ó wo wíìlì náà, ó bínú. Ó ní, 'Gba àpótí rẹ, Jùwọ́nlọ, urin yìí ò bá ti wa mu.' Bàbá wa ní, 'Kí aráyé lè sọ pé ohun tọ́mọ mi rà ò wúlò? Gbé e lọ sí ulé rẹ!' Ibẹ̀ ló ti wá ní ó máa kábàámọ̀. Mo rò pé owú ló ń jẹ, mà."

Àwa náà, bí a bá wà níbẹ̀, ohun tí à bá rò nìyẹn.

Irinṣẹ́ tuntun náà wà nínú yàrá ìgbàlejò, lórí kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò Lọ́lá pẹ̀lú aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè. Aṣọ onílẹ́ẹ̀sì ni bàbá fi bò ó. Aishat ká aṣọ náà. Páálí ike aláwọ̀ búlúù ni, sípánà ń kọ mànà nínú rẹ̀, oníkálukú ní ihò tirẹ̀. Páàsì róbótó tí wọ́n fi ń lẹ táyà, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù inú túùbù kékeré. Ọ̀pá ike tí wọ́n fi ń yọ táyà. Gíríìsì wà lára sípánà méjì.

Aishat yọ nọ́ọ̀tì náà lápò. Ó mú ìkíní nínú àwọn sípánà tí gíríìsì wà lára wọn, kò wọ̀ ọ́. Ó mú èyí tó tẹ̀ lé e, ó wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó ń mì. Ó di nọ́ọ̀tì náà mú ṣinṣin, ó yí sípánà. Sípánà náà le lọ́wọ́ rẹ̀, ó le, ó sì yọ̀ gbìrì kọjá lórí igun. Ó tún yí i. Ó tún le, ó tún yọ̀. Ẹni tí kò bá fura á rò pé òun ń de nǹkan ni, tí nọ́ọ̀tì ò sì ní yí ju ibi tó wà lọ.

Gbogbo rẹ̀ wá yé e, inú rẹ̀ ò sì dùn sí i. Kò sí ẹni tó tú nọ́ọ̀tì. Bí bàbá ṣe dè é lọ́jọ́ Sátidé, kò fún le rárá ni. Kẹ̀kẹ́ ayé àtijọ́ ni, ìwọ̀n ayé àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe é, irinṣẹ́ òde òní ò sì mọ̀ ọ́n. Àwọn sípánà tó mọ̀ ọ́n, bàbá ti fi tọrẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà nítorí ayọ̀ pé ọmọ òun ti ra tuntun. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá: ẹni tí Lọ́lá ń wá kiri láti tì mọ́lé kò sí níbì kankan, àfi inú páálí búlúù yìí.

Aishat jókòó sórí àga bàbá náà. "Yéè," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Ọmọ yìí mà gbé."

* * *

Ní Ìdó, Lọ́lá ń fi òwú tútù pa ètè bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe lókè òkun, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Màdáámù, ẹ ti rí nọ́ọ̀tì?"

"A ṣì ń wá a," ni Aishat wí. Irọ́ àkọ́kọ́ tó pa nídìí ẹjọ́ yìí nìyẹn.

"Ẹ máa wá a. Ẹ jọ̀ọ́." Lọ́lá ká òwú náà. "Ṣẹ́ ẹ mọ ohun tó ń gbé mi dìde láàárọ̀? Pé bàbá mi lo irinṣẹ́ yẹn. Èmi fúnra mi ni mo yàn án. Mo bi àwọn oníṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ti kẹ̀kẹ́ ni, kò sí kẹ̀kẹ́ tí kò lè tún ṣe. Ọdún mẹ́fà ni n kò fi wálé. Deborah ní inú wọn dùn lọ́jọ́ náà bí ọmọdé. Ó kéré tán, mo ṣe ìyẹn fún wọn."

Aishat ti pinnu lójú ọ̀nà pé òun á sọ òótọ́ fún un. Òótọ́ náà ti dé ẹnu. Ó gbé e mì.

"Lọ́lá, bá mi ra omi wá níwájú gééètì, ọmọ mi. Ọ̀fun mi gbẹ."

Nígbà tó jáde, Aishat fa àga kejì súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún un pé bàbá náà ń gbọ́ gbogbo nǹkan, ojú nìkan ló kù tí ó lè fi sọ̀rọ̀.

"Bàbá, Aishat ni mí, ọlọ́pàá. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ dijú lẹ́ẹ̀kan. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ dijú lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé sípánà tuntun lẹ fi de wíìlì?"

Ojú pa dé lẹ́ẹ̀kan.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé kò le?"

Ojú wò ó, ó pẹ́. Ó pa dé lẹ́ẹ̀kan.

"Kí ló dé, Bàbá? Kí ló dé tẹ́ ẹ tún fi gùn ún?"

Ìbéèrè tí a kò lè fi dídijú dáhùn nìyẹn, àánú bàbá náà sì ṣe Aishat bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ojú bàbá yí sí àga tí Lọ́lá dìde lórí rẹ̀, ó dúró síbẹ̀.

"Ṣé kí n sọ fún un?"

Lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún dijú lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún ṣe é, kíákíá, bí ẹni tó ń pariwo.

"Bàbá, wọ́n ti ti Bàbá Ajíbádé mọ́lé. Lọ́lá ní òun ló tú nọ́ọ̀tì yín."

Kò mọ̀! Kò sí ẹni tó sọ fún un. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ gbayawu, ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè sódò, gbogbo ipá tó kù lára rẹ̀ ló fẹ́ fi gbé ìka kan, ìka náà ò gbé. Omi ń ṣàn láti ojú rẹ̀ lọ sínú etí. Ẹni tó lè fi ọ̀rọ̀ kan tú ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kò ní ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu. Aishat fi ìbòrí rẹ̀ nu ojú fún un.

"Ó máa padà sílé. Mo ṣèlérí. Lọ́lá ò sì ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí Lọ́lá gbé omi dé, ó rí omijé bàbá rẹ̀. Ó bú sẹ́kún. "Ẹ rí i? Wọ́n mọ ohun tí bàbá yẹn ṣe fún wọn!"

* * *

DPO gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ṣí fìlà, ó fi ọwọ́ họ orí. "Kò sí ẹjọ́ níbí. Ìjàǹbá ni. Ẹ tú bàbá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n olùfisùn ńkọ́? Kí lẹ máa sọ fún un?"

"N ò mọ̀, sà," ni Aishat wí, òun tí kò sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun tó sọ fún Lọ́lá lọ́jọ́ kejì kò gùn. Ó sọ fún un pé Bàbá Ajíbádé dá àpótí padà, bàbá rẹ̀ ni kò gbà á. Ó ní ẹnikẹ́ni ò tú nọ́ọ̀tì. Kẹ̀kẹ́ ti pẹ́, nọ́ọ̀tì ti jẹ, ó yọ lójú ọ̀nà. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́ pátá, àfi ohun kan ṣoṣo tó fò.

"Nọ́ọ̀tì náà ńkọ́?"

"N ò rí i."

Lọ́lá wolẹ̀ sórí ìkúnlẹ̀ nínú ọgbà tésàn nígbà tí wọ́n mú Bàbá Ajíbádé jáde. "Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Mo ṣẹ̀ yín. Mo mú kẹ́ ẹ sùn sílẹ̀ nínú àtìmọ́lé." Ó ń sunkún débi pé kò lè gbórí sókè. Bàbá arúgbó náà fà á dìde.

"Kò sí nǹkan, Lọ́lá mi. Bàbá rẹ lo jà fún. Èmi náà ì bá fẹ́ kí ọmọ mi jà fún mi bẹ́ẹ̀."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e, kò sí ẹni tó rò ó. Lọ́lá nu ojú, ó lọ sídìí ọkọ̀ tó háyà, ó sì gbé páálí búlúù náà wá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e síwájú Bàbá Ajíbádé.

"Bàbá mi ò lè lò ó mọ́. Bó bá jẹ́ pé ẹnu wọn ń ṣiṣẹ́ ni, ẹ̀yin ni wọn ì bá fún. Ẹ gbà á, sà."

Gbọ́láhàn la ẹnu. Aishat fi bàtà tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ gidi, ó sì pa ẹnu náà dé.

Bàbá Ajíbádé wo páálí náà. Ó wo Aishat fìrí. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ méjèèjì, ó gbà á, ó gbé e mọ́ àyà, ó sì ń ṣàdúrà: òkè òkun ò ní gbé Lọ́lá mì, ọwọ́ rẹ̀ ò ní ṣá, ẹni tó bí náà á tọ́jú rẹ̀. Lọ́lá ń ṣe àmín.

Wọ́n ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde fún un, wọ́n sì gbé àpótí pákó náà sí i lẹ́sẹ̀. Bó ṣe fọwọ́ kan wíìlì iwájú, ó ń mì, nítorí ọwọ́ lásán ni Gbọ́láhàn fi dè é lọ́jọ́sí. Bàbá Ajíbádé bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sí àpótí pákó.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá," ni Lọ́lá wí, ó ti yọ fóònù. "Ẹ fi ti tuntun dè é. Kí n ya yín, kí n lọ fi han bàbá mi. Inú wọn á dùn."

Àpótí àtijọ́ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, ó ṣí sílẹ̀. Bàbá Ajíbádé fi ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ó ṣí páálí búlúù, ó mú sípánà kan tó ń dán, ó fi í sí nọ́ọ̀tì, ó yí i. Ó yọ̀. Ó tún yí i, ó rẹ́rìn-ín sí fóònù. Aishat gbọ́ bí igun irin náà ṣe ń jẹ, àfi bíi pé eyín tirẹ̀ ni. Ó lè fi gbólóhùn kan dá a dúró. Kò rí gbólóhùn náà sọ.

"Ṣé ó bá a mu, Bàbá?"

"Ó bá a mu, ọmọ mi. Ó bá a mu gan-an ni. O káre."

Ó so páálí búlúù àti àpótí pákó pọ̀ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ó dágbére fún wọn, ó sì di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ó ń tì í lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, nínú oòrùn, ó kọjú sí ọ̀nà Òmù. Wíìlì iwájú ń mì jẹ́jẹ́.

Lọ́lá ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà, fọ́tò wà lójú fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Màdáámù, ọ̀nà jìn. Kí ló dé tí wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ lọ, tí wọn ò gùn ún?"

Aishat ti ọwọ́ bọ àpò. Nọ́ọ̀tì náà ṣì wà níbẹ̀, ó sì dì í mú títí tó fi dùn ún lọ́wọ́.

"Àgbà ni wọ́n," ni ó wí. "Ó rẹ̀ wọ́n ni."